Àwọn Oògùn Tí Kì Í Jẹ́ Kí Ara Kọ Ẹ̀yà Àlejò: Ìtàn Wíwá Èyí Tí Kò Ní Í Pa Onílé

Kíndìnrín tí wọ́n yọ lára ẹnì kan tí wọ́n sì gbé sínú ẹlòmíràn kì í pẹ́ kó tó kú níbẹ̀ bí kò bá sí oògùn. Sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀, àwọn tó ń ṣọ́ ara lọ́wọ́ kòkòrò àrùn, yóò dá a mọ̀ pé àlejò ni, wọn yóò sì gbógun tì í. Lójú wọn, àlejò tó wá pa onílé àti èyí tó wá gbà á là, ọ̀kan náà ni wọ́n. Ìkọlù yìí ni àwọn oníṣègùn ń pè ní kíkọ̀ ẹ̀yà ara. Oògùn tó ń dá a dúró ti wà láti nǹkan bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ara ń san gbèsè lé e lórí. Bí wọ́n bá so ọwọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ kí wọ́n má baà lu àlejò, ọwọ́ yẹn kan náà ni wọn ì bá fi lé olè. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni oògùn tó lágbára ti wà lọ́wọ́. Èyí tí kò ní í pa ẹni tó ń lò ó ló ṣòro láti rí, wíwá a sì ni ìtàn yìí dá lé.

Awọ ara tí iná jó

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni àwọn oníṣẹ́ abẹ ti mọ bí wọ́n ṣe ń so iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀. Alexis Carrel, dókítà ọmọ ilẹ̀ Faransé tó kọ́ ìrán wẹ́wẹ́ lọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń fi òwú ṣe ọnà sára aṣọ ní ìlú Lyon, ló yanjú rẹ̀, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 1912. Carrel yọ kíndìnrín ajá, ó dá a padà sí ibòmíràn lára ajá náà, ó ṣiṣẹ́. Ó gbé ti ajá kan sínú òmíràn, kò pẹ́ tó fi bàjẹ́. Ó hàn gbangba pé ọ̀ràn náà ti kúrò ní ti abẹ́rẹ́ àti òwú. Ní 1933, Yurii Voronoy gbé kíndìnrín òkú sára obìnrin kan ní Kherson, nílẹ̀ Ukraine. Kò ju ọjọ́ méjì lọ tí obìnrin náà fi kú.

Ogun Àgbáyé Kejì ló mú kí wọ́n wá ìdí rẹ̀ gan-an. Àwọn awakọ̀ òfurufú tí iná jó kún ilé ìwòsàn ní Bìrìtéènì, awọ ẹlòmíràn tí wọ́n sì ń lẹ̀ mọ́ ojú egbò wọn kì í gbé e: yóò gbẹ, yóò sì ṣí dànù. Peter Medawar, onímọ̀ nípa ẹ̀dá abẹ̀mí tí wọ́n bí sí Brazil, ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́. Ní Glasgow, òun àti oníṣẹ́ abẹ Thomas Gibson tọ́jú obìnrin kan tí iná jó. Wọ́n gé awọ wẹ́wẹ́ lára arákùnrin rẹ̀, wọ́n tò ó sójú egbò. Lẹ́yìn ọjọ́ 15, wọ́n tún to òmíràn láti ara arákùnrin kan náà. Ti ẹ̀ẹ̀kejì kò pẹ́ tó ti àkọ́kọ́ kó tó bàjẹ́. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò ṣòro: ara ti rí àlejò yìí rí, ó ti mọ ojú rẹ̀, kò sì fi àkókò ṣòfò nígbà tó padà wá. Wọ́n tẹ àbájáde náà jáde ní 1943. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti mọ̀ pé àwọn ẹ̀ṣọ́ tó ń gbógun ti àrùn ló ń kọ ẹ̀yà ara.

Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, Medawar, Rupert Billingham àti Leslie Brent fún ọmọ eku tó ṣì wà nínú ìyá rẹ̀ ní sẹ́ẹ̀lì irú eku mìíràn. Nígbà tí ọmọ náà dàgbà, ó gba awọ irú eku yẹn láìjà. Ohun tí ara bá bá nílé kó tó gbọ́n, ará ilé ló kà á sí. Kò sẹ́ni tó lè fi ọgbọ́n yìí tọ́jú àgbàlagbà tí kíndìnrín rẹ̀ ti kú, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ara ṣeé kọ́. Medawar àti Macfarlane Burnet, ọmọ Ọsirélíà, jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 1960.

Ìbejì ìlú Boston

Ní ọjọ́ 23, oṣù Kejìlá, ọdún 1954, Joseph Murray àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn Peter Bent Brigham ní Boston yọ kíndìnrín kan lára Ronald Herrick, wọ́n gbé e sínú Richard, ìkejì rẹ̀. Ẹyin kan ṣoṣo ló bí àwọn méjèèjì. Kí wọ́n tó fi ọ̀bẹ kàn wọ́n, wọ́n kó wọn lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá láti tẹ̀ka, kí wọ́n lè fi ìlà ìka wọn wéra. Wọ́n tún gé awọ díẹ̀ lára ọ̀kan lẹ̀ mọ́ èkejì, wọ́n fi ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan ṣọ́ ọ. Awọ náà dúró. Kíndìnrín náà dúró pẹ̀lú, láìsí oògùn kankan. Richard fẹ́ nọ́ọ̀sì tó tọ́jú rẹ̀, wọ́n bímọ, ó sì lo ọdún mẹ́jọ sí i láyé. Ronald tó fi kíndìnrín sílẹ̀ kò kú títí di 2010.

Àṣeyọrí yìí dùn, ṣùgbọ́n mélòó ni aláìsàn tó ní ìbejì olẹ́yin kan? Fún àwọn yòókù, ohun tó kọ́kọ́ wá sọ́kàn àwọn dókítà ni láti fọ́ ẹgbẹ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ náà ká pátápátá. Ní ìparí àwọn ọdún 1950, wọ́n ń fi ìtànṣán bíi ti ẹ̀rọ àyẹ̀wò egungun lu gbogbo ara aláìsàn títí mùdùnmúdùn inú egungun yóò fi dákẹ́, níbi tí sẹ́ẹ̀lì funfun ti ń wá. Ó dà bí ẹni tó torí eku dáná sun ilé. Ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n ṣe é fún kú láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, kòkòrò àrùn tí ara ì bá borí lọ́jọ́ mìíràn ló ń pa wọ́n. Ní Boston, ọ̀kan yè pẹ́ nínú wọn. Ó ní ìkejì, ṣùgbọ́n ẹyin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló bí wọn. Paris náà rí àwọn díẹ̀ tó yè. Gbogbo wọn gbà pé ọ̀nà náà kò ṣeé tọ̀ lọ títí.

Oògùn àkọ́kọ́ àti ajá tó ń ṣeré

Oògùn tó rọ́pò ìtànṣán wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń wo jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀. George Hitchings àti Gertrude Elion, ní ilé iṣẹ́ Burroughs Wellcome nítòsí New York, ti ṣe oògùn kan tí wọ́n ń pè ní 6-mercaptopurine. Ó jọ ohun tí sẹ́ẹ̀lì fi ń kọ́ àbùdá rẹ̀ bó bá fẹ́ pín sí méjì, ṣùgbọ́n ayédèrú ni. Sẹ́ẹ̀lì tó bá gbé e mì kò ní í lè pọ̀ sí i. Ní 1959, Robert Schwartz àti William Dameshek, ní Boston, fún àwọn ehoro ní oògùn yìí, wọ́n sì rí i pé ehoro kò bá purotéènì àjèjì tí wọ́n gún sí i lára jà mọ́. Sẹ́ẹ̀lì funfun ní láti pọ̀ sí i kíákíá kó tó lè jagun. Oògùn tó bá dá pípọ̀ dúró ti dá ogun dúró.

Roy Calne, ọ̀dọ́ oníṣẹ́ abẹ ní London, ka ìwé náà, ó sì lo oògùn náà fún ajá tó gbé kíndìnrín sínú wọn. Ó wọ ọkọ̀ lọ sí Boston láti bá Murray ṣiṣẹ́, ó sì yà lọ́dọ̀ Hitchings àti Elion lọ gba àwọn oògùn mìíràn tí wọ́n ṣe láti ara ti àkọ́kọ́. Ọ̀kan nínú wọn ni azathioprine. Ní ọjọ́ kan, nígbà ìpàdé àwọn oníṣègùn nílé ìwòsàn náà, wọ́n ṣílẹ̀kùn, ajá kan tí wọ́n sọ ní Lollipop wọlé, ó ń jùrù, ó ń bá àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tó jókòó níwájú ṣeré. Kíndìnrín ajá mìíràn ló wà nínú rẹ̀. Kò sí àlàyé tó lè gbe èyí lẹ́sẹ̀.

Ní oṣù Kẹrin ọdún 1962, Murray gbé kíndìnrín òkú sínú ọkùnrin kan tí kò bá òkú náà tan, ó sì fi azathioprine ṣọ́ ọ. Ó ṣiṣẹ́ ju ọdún kan lọ. Ṣùgbọ́n azathioprine kò mọ sẹ́ẹ̀lì tó ń jagun yàtọ̀ sí sẹ́ẹ̀lì inú mùdùnmúdùn tó ń dá ẹ̀jẹ̀, ó sì ń rẹ àwọn méjèèjì sílẹ̀. Kò sì lè dá ìkọ̀ tó bá ti bẹ̀rẹ̀ dúró.

Sítẹ́rọ́ìdì, ẹṣin, àti ọkàn ìlú Cape Town

Denver ni wọ́n ti rí ohun tó dá a dúró. Thomas Starzl da prednisone, tó jẹ́ sítẹ́rọ́ìdì, pọ̀ mọ́ azathioprine, ó sì rí i pé kíndìnrín tí ara ti ń kọ̀ lè padà máa tọ̀ bó bá fún aláìsàn ní prednisone tó pọ̀. Nígbà tó sọ èyí ní 1963, àwọn tó kù nídìí iṣẹ́ náà kò kọ́kọ́ gbà á gbọ́, nítorí pé èyí tó pọ̀ jù nínú aláìsàn tiwọn ló ti kú, tirẹ̀ sì ń rìn kiri. Kò pẹ́ tí gbogbo ayé fi ń tẹ̀lé e. Fún nǹkan bí ogún ọdún, oògùn méjèèjì yìí ni opó tí iṣẹ́ náà fara tì.

Ohun tí wọ́n fi rà á kò fara sin. Ẹni tó bá ń lo prednisone púpọ̀, ojú rẹ̀ á wú rogodo bí òṣùpá. Egungun ìbàdí rẹ̀ á máa kú, egbò rẹ̀ kò ní í tètè jinná, àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru á wọlé, ọmọdé tó bá ń lò ó kò ní í ga. Láti lè dín in kù, wọ́n tún wá oògùn mìíràn: wọ́n gún sẹ́ẹ̀lì funfun ènìyàn sára ẹṣin, ara ẹṣin á bá a jà, wọn yóò wá gba omi ẹ̀jẹ̀ ẹṣin tó ti mọ ìjà náà, wọn yóò sì fi gún aláìsàn. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n omi ẹ̀jẹ̀ ẹṣin náà jẹ́ àlejò, ara tún ń bá òun náà jà.

Ní ọjọ́ 3, oṣù Kejìlá, ọdún 1967, Christiaan Barnard pààrọ̀ ọkàn Louis Washkansky ní ilé ìwòsàn Groote Schuur ní Cape Town. Gbogbo ayé gbọ́ ọ. Ọjọ́ 18 ni Washkansky lò, kòkòrò tó wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ló pa á nígbà tí oògùn ti so ọwọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ ara rẹ̀. Ní 1968, ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọkàn tí wọ́n pààrọ̀ káàkiri ayé, ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó gbà á sì kú láìpẹ́. Àwọn ilé ìwòsàn bẹ̀rẹ̀ sí í jáwọ́. Norman Shumway ní Stanford wà lára àwọn díẹ̀ tí kò jáwọ́. Ọwọ́ oníṣẹ́ abẹ kò ní àléébù. Oògùn ló kù díẹ̀ káàtó.

Erùpẹ̀ láti Norway

Ilé iṣẹ́ oògùn Sandoz ní Basel, ní Switzerland, ní àṣà kan: òṣìṣẹ́ tó bá rìnrìn-àjò á bu erùpẹ̀ ibi tó lọ sínú àpò kékeré bọ̀ nílé, kí wọ́n lè wá kòkòrò tó ń pèsè oògùn nínú rẹ̀. Ní 1969, ọ̀kan nínú wọn bu erùpẹ̀ láti òkè títẹ́jú Hardangervidda ní Norway nígbà tó lọ gba ìsinmi. Irú olú tíntìntín kan wà nínú erùpẹ̀ náà, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Tolypocladium inflatum. Ohun tó ń sun jáde kò pa kòkòrò àrùn tó bí wọ́n ṣe fẹ́. Ì bá ti parí síbẹ̀, ṣùgbọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ 1972, nínú yàrá ìwádìí Hartmann Stähelin, wọ́n rí i pé ó dá iṣẹ́ sẹ́ẹ̀lì funfun dúró lára eku láìfọwọ́ kan mùdùnmúdùn. Irú rẹ̀ kò sí rí. Ìtànṣán àti azathioprine ń lu gbogbo sẹ́ẹ̀lì tó bá ń pọ̀ sí i. Èyí mọ ẹni tó fẹ́ mú. Wọ́n sọ ọ́ ní cyclosporine. Jean-François Borel ló gbé e dé iwájú ayé ní 1976, awuyewuye sì wà fún ọdún pípẹ́ lórí ẹni tí ìyìn tọ́ sí láàárín òun àti Stähelin.

Oògùn náà kì í yọ́ nínú omi. Àwọn tó kọ́kọ́ gbé e mì kò rí i nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Borel fúnra rẹ̀ pò ó mọ́ ọtí, ó gbé e mu, ó wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ní Cambridge, níbi tí Calne ti di ọ̀jọ̀gbọ́n, Alkis Kostakis tó wá láti ilẹ̀ Gíríìsì pò ó mọ́ òróró ólífì tí wọ́n ń lò nílé rẹ̀, ó fi fún eku tó ti gbé ọkàn eku mìíràn sínú wọn, ọkàn náà sì ń lù kì-kì fún ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò rò.

Ní 1978, Calne fún àwọn aláìsàn ní oògùn náà. Ohun tí eku àti ajá kò fi hàn ló jáde: cyclosporine ń ba kíndìnrín jẹ́. Ìwọ̀n tí wọ́n fún wọn pọ̀ jù, jẹjẹrẹ àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun sì mú àwọn kan. Starzl ló tún wá ọ̀nà àbáyọ: ó dín in kù, ó fi sítẹ́rọ́ìdì díẹ̀ gbè é. Àjọ tó ń fàṣẹ sí oògùn ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní 1983. Kíndìnrín òkú tó jẹ́ pé nǹkan bí ìdajì ló ń pé ọdún kan tẹ́lẹ̀, bí ìdá 80 nínú 100 ló wá ń pé e. Ẹ̀dọ̀ àti ọkàn tí àwọn ilé ìwòsàn ti fi sílẹ̀, wọ́n tún padà sídìí rẹ̀.

Tsukuba, Rapa Nui, àti àgbàdo tó bu

Lẹ́yìn Norway, gbogbo ilé iṣẹ́ oògùn bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilẹ̀. Ní 1984, àwọn òṣìṣẹ́ Fujisawa ní Japan rí tacrolimus nínú bakitéríà láti inú erùpẹ̀ ẹsẹ̀ òkè Tsukuba. Ibi kan náà tí cyclosporine ti ń dènà sẹ́ẹ̀lì funfun lòun náà ti ń dènà wọn, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ pọ̀ jù ú lọ fíìfíì. Ní Pittsburgh ní 1989, Starzl fi gba ẹ̀dọ̀ àwọn tí cyclosporine ti kùnà fún là. Wọ́n fọwọ́ sí i ní Amẹ́ríkà ní 1994, òun ni ó sì wá di oògùn tí aláìsàn tó pọ̀ jù ń lò. Ó ń mú ọwọ́ gbọ̀n, ó ń fa àtọ̀gbẹ, kò sì dá kíndìnrín sí.

Èyí tó tẹ̀ lé e wá láti Rapa Nui, erékùṣù tó dá wà nínú Òkun Pàsífíìkì. Àwọn oníṣègùn láti Kánádà lọ síbẹ̀ ní 1964, wọ́n sì bu erùpẹ̀ bọ̀. Suren Sehgal, ọmọ Íńdíà tó ń ṣiṣẹ́ ní Ayerst ní Montreal, rí ohun kan nínú bakitéríà ibẹ̀, ó sọ ọ́ ní rapamycin nítorí orúkọ erékùṣù náà. Nígbà tí ilé iṣẹ́ náà ti yàrá ìwádìí Montreal pa ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, tí wọ́n ní kí wọ́n da gbogbo rẹ̀ nù, Sehgal kó díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ sílé, ó tọ́jú rẹ̀ sínú firísà tí ìdílé rẹ̀ ń lò. Ọdún bíi mélòó kan kọjá kí àwọn ọ̀gá tuntun tó gbà fún un láti yọ ọ́ jáde. Ní 1999, oògùn náà gba àṣẹ fún àwọn tó pààrọ̀ kíndìnrín. Òun kì í ba kíndìnrín jẹ́ bíi ti àwọn méjì ìṣáájú, ṣùgbọ́n ó ń fa ọ̀rá sínú ẹ̀jẹ̀, kì í sì í jẹ́ kí egbò tètè jinná.

Ẹ̀kẹta dàgbà ju gbogbo wọn lọ. Ní 1893, Bartolomeo Gosio, ọmọ Ítálì, ń yẹ àgbàdo tó ti bu wò, ó sì rí ásíìdì kan nínú ohun tó hù lára rẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tí wọ́n lè fi ṣe. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ni Anthony Allison, tí wọ́n bí sí South Africa tó sì dàgbà ní Kenya. Òun kan náà ló fi hàn ní 1954 pé ibà kì í sábà pa ọmọ tó jẹ́ AS. Allison ti kíyè sí i pé àwọn ọmọ kan tí wọ́n bí láìní ohun kan báyìí nínú ara wọn kì í lè gbógun ti àrùn, síbẹ̀ ọpọlọ àti ẹ̀yà ara wọn yòókù ń ṣiṣẹ́. Ó ronú pé oògùn tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún sẹ́ẹ̀lì funfun yóò fi àwọn yòókù sílẹ̀. Òun àti Elizabeth Eugui, ìyàwó rẹ̀, fi ásíìdì Gosio ṣe mycophenolate mofetil, tó gba àṣẹ ní 1995. Ó lé azathioprine kúrò ní ipò rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi.

Ẹ̀rí tó wá láti ọ̀dọ̀ Ojo

Bí ọdún 2000 ṣe ń wọlé, kò ṣòro mọ́ láti mú kí kíndìnrín, ẹ̀dọ̀ tàbí ọkàn pé ọdún kan. Ìṣòro ti ṣí lọ sí ọdún kẹwàá. Ẹni tó jìyà jù lórí kíndìnrín tí oògùn ń bà jẹ́ ni ẹni tí wọ́n pààrọ̀ ọkàn tàbí ẹ̀dọ̀ fún, nítorí pé kíndìnrín tí wọ́n bí mọ́ ọn kò ní àrùn tẹ́lẹ̀. Ní 2003, Akinlolu Ojo, oníṣègùn kíndìnrín ọmọ Nàìjíríà tó ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Michigan, tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn 69,321 tó gba ẹ̀yà tí kì í ṣe kíndìnrín ní Amẹ́ríkà. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́fà ni kíndìnrín rẹ̀ ti bàjẹ́ láàárín ọdún díẹ̀, cyclosporine àti tacrolimus sì wà lára ohun tó fà á. Àwọn tó bọ́ sínú rẹ̀ ń kú ju àwọn yòókù lọ. Ohun tí àwọn dókítà ń fojú rí lẹ́nì kọ̀ọ̀kan ti wá di òǹkà tí kò ṣeé fọwọ́ rọ́ tì: oògùn tó gba ọkàn là ń pa kíndìnrín.

Wíwá oògùn tó dá kíndìnrín sí ti wá di dandan. Ọgbọ́n mìíràn ti wà nílẹ̀, èyí tí Georges Köhler àti César Milstein dá sílẹ̀ ní Cambridge ní 1975: bí wọ́n ṣe ń mú sẹ́ẹ̀lì pèsè irú àkóguntì kan ṣoṣo, tó mọ ohun kan ṣoṣo, tó sì ń lọ bá a tààrà. Èyí àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ṣe oògùn ni OKT3, láti ara eku, tó jáde ní àárín àwọn ọdún 1980. Ó ń dá ìkọ̀ dúró, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ máa ń mú ibà líle àti òtútù wá, ẹ̀jẹ̀ á wálẹ̀, omi á kún ẹ̀dọ̀fóró àwọn kan. Basiliximab tó tẹ̀ lé e ní 1998 rọ̀ jù ú lọ, ṣùgbọ́n ọjọ́ àkọ́kọ́ iṣẹ́ abẹ ló wúlò fún.

Kọ́kọ́rọ́ méjì

Sẹ́ẹ̀lì T, tó jẹ́ balógun nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun, kì í jà nítorí pé ó rí àlejò nìkan. Kọ́kọ́rọ́ méjì ló ń ṣí i. Ìkínní ni pé kó dá àlejò náà mọ̀. Ìkejì ni pé kí sẹ́ẹ̀lì mìíràn fọwọ́ sí i pé ewu wà. Bí ìkejì kò bá dé, sẹ́ẹ̀lì T á padà lọ jókòó. Àwọn onímọ̀ wá ṣe oògùn tó ń lẹ̀ mọ́ kọ́kọ́rọ́ kejì yìí lára sẹ́ẹ̀lì tó mú un wá, kó má baà lè wọ ihò rẹ̀ lára sẹ́ẹ̀lì T. Kíndìnrín kò nílò kọ́kọ́rọ́ yìí láti ṣiṣẹ́, oògùn náà kì í sì í bà á jẹ́ bíi ti cyclosporine.

Belatacept ni orúkọ rẹ̀, wọ́n sì fọwọ́ sí i ní Amẹ́ríkà ní oṣù Kẹfà ọdún 2011. Gbígbé mì kọ́, inú iṣan ni wọ́n ń fà á sí, lẹ́ẹ̀kan lóṣù lẹ́yìn àwọn oṣù àkọ́kọ́. Nígbà tí wọ́n tẹ àbájáde ọdún méje jáde ní 2016, ewu pé aláìsàn á kú tàbí pé kíndìnrín rẹ̀ á bàjẹ́ fi ìdá 43 nínú 100 kéré lọ́dọ̀ àwọn tó lo belatacept ju lọ́dọ̀ àwọn tó lo cyclosporine lọ. Síbẹ̀, ìkọ̀ ọdún àkọ́kọ́ pọ̀ jù lọ́dọ̀ wọn. Àwọn tí fáírọ́ọ̀sì Epstein-Barr kò tíì bá jà rí kò sì gbọdọ̀ lò ó, torí jẹjẹrẹ sẹ́ẹ̀lì funfun tó lè fà fún wọn.

Ihò mìíràn tún wà tí wọ́n ń pè ní CD40L. Ní ìparí àwọn ọdún 1990, ọ̀bọ tí wọ́n fi oògùn dí ihò yìí fún gba kíndìnrín ọ̀bọ mìíràn pẹ́ títí. Nígbà tó kan ènìyàn, ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dì nínú iṣan àwọn kan, wọ́n sì dá ìwádìí dúró. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí wọ́n tó mọ̀ pé ìrù oògùn náà ló ń fà á, torí ó ń so mọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì. Orí rẹ̀ kò ní ẹ̀bi. Wọ́n wá ṣe irú rẹ̀ tí ìrù rẹ̀ kò lè mú ohunkóhun. Ọ̀kan nínú wọn, tegoprubart, wà lára oògùn tí wọ́n lò ní oṣù Kẹta ọdún 2024 ní Massachusetts General ní Boston, nígbà tí wọ́n gbé kíndìnrín ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n ti yí àbùdá rẹ̀ padà sínú alààyè ènìyàn.

Ìbàdàn, Èkó àti Ilé-Ifẹ̀

Ní 2000 ni wọ́n kọ́kọ́ pààrọ̀ kíndìnrín ní Nàìjíríà, ní ilé ìwòsàn St. Nicholas ní Èkó. Ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ tẹ̀ lé e ní 2002, òun ni àkọ́kọ́ láàárín ti ìjọba. Oògùn tí wọ́n ń lò níbẹ̀ ni àwọn tí ìtàn yìí ti sọ, àárọ̀ àti alẹ́, ní gbogbo ọjọ́ ayé aláìsàn, láti inú àpò ara rẹ̀. Ẹni tí owó bá tán lọ́wọ́ rẹ̀ tó fi fo oògùn fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lè pàdánù kíndìnrín tí ìdílé rẹ̀ ta ilẹ̀ láti rà.

Ìwọ̀n oògùn náà kò sì bá gbogbo ara mu. Ohun kan wà nínú ẹ̀dọ̀ àti ìfun tó ń tú tacrolimus ká, orúkọ rẹ̀ ni CYP3A5. Lára ọ̀pọ̀ òyìnbó, kì í ṣiṣẹ́. Lára ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn adúláwọ̀, ó ń ṣiṣẹ́ kára. Àwọn ìdílé Yorùbá 30 ní Ìbàdàn, bàbá, ìyá àti ọmọ, fi ẹ̀jẹ̀ wọn sílẹ̀ fún iṣẹ́ HapMap tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2002, títí di òní sì ni àwọn onímọ̀ káyé ń wo àbùdá wọn láti mọ bí irú nǹkan wọ̀nyí ṣe pọ̀ tó láàárín àwọn ènìyàn. Ìlànà tó jáde ní 2015 sọ pé kí ẹni tí CYP3A5 rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀n ìlọ́po kan ààbọ̀ sí ìlọ́po méjì. Dókítà tó bá fún adúláwọ̀ ní ìwọ̀n tí ìwé kọ fún òyìnbó lè máa rò pé òun ń ṣọ́ ọ, kí oògùn má tó o.

Ọdún tó lé ní àádọ́ta ló wà láàárín ìtànṣán tó ń pa mùdùnmúdùn àti àwọn oògùn tó ń dí ihò kan ṣoṣo. Ewu náà ń dín kù, kò tíì tán. Yàtọ̀ sí àwọn díẹ̀ tí wọ́n fún ní mùdùnmúdùn ẹni tó fi kíndìnrín sílẹ̀ nínú ìwádìí, kí ara wọn lè ka kíndìnrín náà sí ará ilé bíi ti ọmọ eku Medawar, kò sí ìlú kankan tí ẹni tó gba kíndìnrín lè sùn láìgbé oògùn mì. Ìbejì olẹ́yin kan nìkan ló tún lè ṣe bẹ́ẹ̀, bí ti Boston ti ṣe ní 1954.